Nǹkan Oṣù Mi Dá, Ojú Bẹ̀rẹ̀ Sí í Ta Mí

Tí nǹkan oṣù obìnrin bá fẹ́ dá, ara gbígbóná la máa ń bá ara wa sọ, òógùn òru àti oorun tó kọ̀ tí kò wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà kan ojú. Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí.

Aránṣọ ni mí, n'Ìbàdàn. Ojú ni mo fi ń jẹun. Lẹ́yìn tí mi ò rí nǹkan oṣù mi mọ́, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Bí mo bá jí láàárọ̀, á dà bíi pé iyanrìn wà lábẹ́ ìpéǹpéjú mi. Tó bá dọ̀sán, omi á máa dà lójú mi, àwọn oníbàárà á ní, "Mọ́mì, kí ló dé tẹ́ ẹ̀ ń sunkún?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà ojú bi mí ni pé, "Mà, ṣé ẹ ṣì ń rí nǹkan oṣù yín?" Ó ní ojú mi gbẹ ni. Ojú tó ń dami yìí náà? Ó ṣàlàyé. Òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń bo omi ojú kó má bàa tètè gbẹ, àwọn ẹṣẹ́ (gland) kéékèèké tó wà létí ìpéǹpéjú ló sì ń sun ún. Họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tó ń darí iṣẹ́ inú ara, ló ń mú àwọn ẹṣẹ́ yìí ṣiṣẹ́, pàápàá androgen, tí wọ́n ń pè ní ti ọkùnrin àmọ́ tó wà lára àwa obìnrin náà. Bó bá ṣe ń dín kù, òróró á máa ki, kò sì ní í tó mọ́. Omi á gbẹ lójú, ojú á ta, ara á wá sáré da omi mìíràn jáde láti tù ú. Omi yẹn kò dúró lójú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń ṣàn lọ.

Ó kán aró kan sí mi lójú, ó ní kí n má ṣẹ́jú, ó ń kà. Ó yẹ kí omi ojú tó dáa dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 10 kó tó já. Tèmi ò dúró rárá.

Aṣọ ìnura kékeré tí mo rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ló ràn mí lọ́wọ́ jù. Mo máa ń fi lé ojú tí mo dì fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà màá rọra fi ìka ra ìpéǹpéjú: ti òkè wá sísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó gba sùúrù, torí kì í ṣe ọjọ́ kan ló ń ṣiṣẹ́. Mo tún ń kán omijé àtọwọ́dá. Bẹ́ ẹ bá ń kán an ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́, ẹ béèrè èyí tí wọn kò fi kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí oògùn tètè bàjẹ́ sí. Mo yí fáànù kúrò níwájú mi, pàápàá lásìkò ọyẹ́, mo sì ń rán ara mi létí láti ṣẹ́jú nídìí ẹ̀rọ.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ lọ gba họ́mọ̀nù, ojú á san. Ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2001, lára obìnrin tó lé ní 25,000, fi hàn pé ojú gbígbẹ pọ̀ sí i lára àwọn tó ń lo estrogen, ìyẹn họ́mọ̀nù obìnrin. Bí ara gbígbóná bá ń dà yín láàmú, ẹ bá dókítà sọ ọ́, àmọ́ ẹ má tìtorí ojú nìkan gbà á. Ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò dání, torí oògùn ọ̀fìnkìn àti àwọn kan lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú ojú gbẹ sí i. Bí ẹnu yín náà bá ń gbẹ, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni oògùn ojú tí a ń rà ní kẹ́mísìtì láìṣàyẹ̀wò. Steroid, oògùn líle tó ń mú kí wíwú àti pípọ́n rọlẹ̀, wà nínú àwọn kan. Ojú á rọ̀ yín lọ́rùn kíá, àmọ́ tó bá pẹ́, ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga, kó sì ba iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ jẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá náà fún yín. Glaucoma, àrùn tó ń ba iṣan yẹn jẹ́, kì í sábà ta ni, kì í sábà yún ni, ojú tó bá sì bà jẹ́ kì í padà. Ó wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Bàbá wa ní in, ìdí nìyẹn tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi fi jọ ń lọ ṣàyẹ̀wò lọ́dọọdún.