Àwòrán ilẹ̀ Ítálì lórí aṣọ: iṣẹ́ ti dé Naples, Esposito ló kàn

Àwòrán ilẹ̀ Ítálì tí mo ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe ti kúrò ní apá òkè. Orúkọ ìdílé ni mo ń tò sí i, oníkálukú níbi tó ti wọ́pọ̀. Ferrari, orúkọ àwọn alágbẹ̀dẹ, ti parí. Òwú aláwọ̀ irin ni mo fi kún ibi tirẹ̀ pátá. Esposito ló wá kàn. Naples ni ilé rẹ̀, ó sì wà lára àwọn orúkọ tó pọ̀ jù ní gbogbo Ítálì.

Inú èdè Látìn ló ti wá, ẹni tí wọ́n gbé síta ló túmọ̀ sí. Ní Annunziata, ilé tó ń gba ọmọ àgbésọnù ní Naples, àgbá onígi kan tó ń yí bírí wà lára ògiri. Ìyá tí òṣì tàbí ìtìjú ká mọ́ á gbé ọmọ sínú rẹ̀ láti ìta, á yí i, ọmọ á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọ nínú ilé, láìfojú kan ara wọn. Wọ́n á ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, ó di Esposito. Ọdún 1875 ni wọ́n tó fòpin sí àgbá náà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó sọ àwọn ọmọ wọ̀nyí lórúkọ ò rí ilé kankan wò, àgbá yẹn ni wọ́n rí. Ó dùn mí púpọ̀, torí ibi yòówù tí ọmọ náà bá dé ni orúkọ ọ̀hún á ti máa ròyìn rẹ̀. Nígbà tí Joachim Murat jọba Naples, láàárín 1808 sí 1815, òfin jáde pé kí wọ́n má fún ọmọ àgbésọnù ní orúkọ yẹn mọ́. Òfin tó dáa ni, àmọ́ àwọn tó ti ń jẹ́ ẹ ti bímọ, ọmọ ti bí ọmọ.

N ò lè fi òwú kún un bíi ti Ferrari. Ferrari náà kì í ṣe ẹbí kan, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan pa wọ́n pọ̀. Esposito méjì ládùúgbò kan náà lè máà bára wọn tan rárá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan tó gba inú àgbá kọjá ni orísun ìdílé tirẹ̀. Kókó òwú pupa ni mo wá ń ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró. Mo ń wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ń tì í wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti yọ, ọwọ́ òsì á di òwú mú kó má baà tú, kí n tó fà á. Lẹ́yìn kókó kọ̀ọ̀kan, mo ń so ó, mo ń gé e. Ó ń jẹ àkókò, ó sì ń jẹ òwú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí aṣọ náà padà ò gbọdọ̀ rí okùn tó so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn.

Pupa yìí náà ni màá fi ta ìwọ̀nba kókó díẹ̀ sí Bologna, torí Degli Esposti, orúkọ ìdílé tó bá Esposito tan, wà níbẹ̀.

Florence ló kù tí mò ń rò. Innocenti ni tiwọn, láti ara ilé àwọn ọmọ àgbésọnù tí Brunelleschi, ayàwòrán ilé, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1419, tó gba ọmọ àkọ́kọ́ ní 1445. Àwọn òbí kan máa ń fi ìdajì owó ẹyọ tàbí mẹ́dàlì sí ara ọmọ, kí wọ́n lè fi dá a mọ̀ bí wọ́n bá padà wá. Ìdajì òbìrìkìtì ni mo fẹ́ ṣe síbẹ̀, mo sì ti fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Òwú aláwọ̀ idẹ tó tín-ín-rín ni mo ṣì ń wá.