Tó bá gbó, níbo ló ń lọ?

Aṣọ fèrèsé ni mo fi ń jẹun. Mókọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbẹ̀ ni mo ti ń rán kọ́tìnnì, ìrọ̀rí, tìmùtìmù àti aṣọ àga. Nítorí pé èmi náà ni mo máa ń lọ wọn fèrèsé nílé àwọn oníbàárà, kò sí irú pálọ̀ tójú mi ò tíì rí n'Ìbàdàn yìí. Ìyàwó tuntun kan na fóònù sí mi láìpẹ́ yìí: "Àǹtí, ẹ wo pálọ̀ yìí. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ kí tèmi rí. Mi ò fẹ́ ohun tó ń ba àyíká jẹ́ rárá, ohun tí Ọlọ́run dá nìkan ni mo fẹ́." Mo wò ó dáadáa. Òkè pálọ̀ tó jọ pákó yẹn, PVC ni, irú ọ̀rá líle kan. Koríko tútù yọ̀yọ̀ tó wà lára ògiri, ọ̀rá ni. Kọ́tìnnì tó rí bí aṣọ òfì, poliẹ́sítà ni, ọ̀rá tí wọ́n sọ di òwú. Mo ní, "Ìyàwó, nínú gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán yìí, ajá tó sùn sílẹ̀ yẹn nìkan ni Ọlọ́run dá." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí.

Ìbéèrè kan ni mo máa ń bi àwọn oníbàárà mi: lọ́jọ́ tí nǹkan yìí bá gbó, níbo ló ń lọ? Ní ìlú tiwa, kò ṣòro láti mọ̀. Gọ́tà ni, gọ́tà á sì gbé e dé odò Ògùnpa. Àwọn tí omíyalé 1980 ṣojú wọn ò gbàgbé, àwa tá a rí ti oṣù kẹjọ ọdún 2011 náà ò lè gbàgbé, ìdọ̀tí tó dí ojú omi sì wà lára ohun tó dá kún un. Bí kò bá gba gọ́tà, á gba iná. Wọ́n á kó o jọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á ṣáná sí i. Èéfín PVC ní ásíìdì nínú, ó tún ní májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin, àwọn ọmọ tó ń ṣeré ládùúgbò ló sì ń fà á símú.

Àwọn ará Gbági mọ̀ mí mọ ìṣáná. Ẹni tó ń tajà á ní, "Àǹtí, kọ́tìn ni, ògidì kọ́tìn!" Mi ò ní bá a jiyàn. Màá fa òwú yọ létí aṣọ, ọ̀kan lóòró, ọ̀kan níbùú, torí wọ́n lè fi òwú gidi ṣe òró kí wọ́n fi poliẹ́sítà ṣe ìbú. Màá jáde síta, jìnnà sí ìsọ̀ aṣọ, màá wá ṣáná sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Òwú gidi á jó bíi bébà, á rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ á sì kúnná tó jẹ́ pé téèyàn bá fọwọ́ pa á, kò ní kù. Poliẹ́sítà ò ní jó bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ súnkì kúrò lójú iná, á yọ́, á máa kán. Bó bá tutù, á di kóró dúdú kan tí èékánná ò lè fọ́. Ìgbà tá a bá ti rí ìyẹn tán la tó ń sọ̀rọ̀ owó.

Fún aṣọ àga, kíjìpá ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí àwọn obìnrin máa ń hun lórí òfì tó dúró ṣánṣán. Ó nípọn, ó sì lálòpẹ́. Àwọn àgbà ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ. Mo gbà, ọ̀lẹ ni mí, mi ò lè máa pààrọ̀ aṣọ àga lọ́dọọdún. Aṣọ òkè ńkọ́? Ìṣẹ́yìn ṣì ń hun ún, ọjà Ọjẹ́ ṣì ń tà á, ṣùgbọ́n òwú tó ń dán yinrinyinrin tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ báyìí, ọ̀rá wà níbẹ̀. Síbẹ̀, mi ò bá ẹni tó rà á jà, torí aṣọ òkè kì í dé orí ààtàn. Aṣọ òkè ẹtù ìyá mi wà lára ògiri pálọ̀ mi, mi ò gé e, mi ò rán an mọ́ nǹkan kan. Ọ̀pá lásán ni mo fi gbé e kọ́.

Àdìrẹ ló gbòde báyìí. Ó dáa, àmọ́ ẹ jẹ́ ká máa béèrè irú èyí tó jẹ́. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, kọ́sítíìkì sódà àti àwọn kẹ́míkà mìíràn ni wọ́n fi pa á láró, omi rẹ̀ á sì ṣàn lọ bó ṣe wù ú. Òmíràn ò tilẹ̀ fojú kan ìkòkò aró rí, ẹ̀rọ ló tẹ àwòrán rẹ̀ sára aṣọ ní Ṣáínà. Búlúù nìkan ni èlú, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró ìbílẹ̀, ń ṣe, láti èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ títí dé èyí tó fẹ́ dúdú. Bí ẹnì kan bá gbé àdìrẹ aláwọ̀ mèje síwájú yín, tó ní èlú ni, ẹ kí i pé ó kú iṣẹ́, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìyá aláró kan tí mo mọ̀ ní Òṣogbo ṣì ń ṣe ti ìbílẹ̀. Wọ́n á gún ewé èlú, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á kó eérú sínú ìkòkò tí wọ́n ti lu nídìí, wọ́n á gbé e lé ìkòkò mìíràn, wọ́n á bu omi lé eérú náà kó máa ro sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú omi eérú yẹn ni èlú ń wọ̀, á sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi kan. Òórùn rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú aró, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ sí i, ẹ̀ ń wò ó báyìí ló ń di búlúù. Mo bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé kò sí kẹ́míkà kankan ńbẹ̀?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, à ń fi álọ́ọ̀mù àti kọ́pà sọ́féètì díẹ̀ sínú ẹ̀kọ tá a fi ń ya àwòrán sára aṣọ, kí ẹ̀kọ náà má baà bàjẹ́. Má lọ purọ́ fún oníbàárà rẹ o." Ohun tí mo ń sọ fún àwọn oníbàárà mi náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ igi máa ń tètè ká mi lára torí káfíńtà ni bàbá mi. MDF tí gbogbo ayé fi ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, igi lílọ̀ tí wọ́n fi gáàmù dì ni. Kẹ́míkà formaldehyde tó wà nínú gáàmù yẹn ló ń ta yín lójú bí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tuntun. Jẹ́ kí omi kàn án, ó wú nìyẹn, kò sì sí káfíńtà tó lè tún un ṣe. Mi ò wá ní kẹ́ ẹ lọ gé ìrókò o. Ìrókò kì í tètè dàgbà, èyí tó kù nínú igbó ò tó nǹkan mọ́. Ẹ béèrè mẹ̀línà tàbí tíìkì ní ọjà pákó Bódìjà, gbígbìn ni wọ́n ń gbìn wọ́n. Mẹ̀línà ni wọ́n gbìn sí igbó Ọmọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwòpin tó ti dákẹ́. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pákó àlòkù. Ilé àtijọ́ tí wọ́n bá ń wó, ìlẹ̀kùn rẹ̀ lè jẹ́ ìrókò tí ikán ò rí mú. Ìlẹ̀kùn ni tábìlì tí mò ń gé aṣọ lé tẹ́lẹ̀. Ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, òun ni mò ń ki sísọ́ọ̀sì mi bọ̀.

Ẹni tí lánlọ́ọ̀dù ti kan PVC sókè yàrá rẹ̀, kó fi í síbẹ̀. Ohun tó ṣì dára, tẹ́ ẹ tú u dà nù torí àyíká, àyíká náà lẹ dà á sí.

Ọ̀dà: ẹ wo ara garawa bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní òjé. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ìwọ̀n tí UNEP, àjọ àyíká àgbáyé, àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, fẹ́ kí òfin fàyè gbà nínú ọ̀dà ò sì ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Ọparun: kí wọ́n rì í sómi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò á sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Igbá fínfín Ọ̀yọ́ dára gan-an fún bíbo gílóòbù, ṣùgbọ́n gílóòbù LED ni kẹ́ ẹ lò, èyí tó ń gbóná á jó o.

Ìrọ̀rí ló kù. Fóòmù, inú epo rọ̀bì ló ti wá, bó bá sì pẹ́ á máa rún. Òwú ẹ̀gungun, ìyẹn òwú igi àràbà, ni wọ́n fi ń ki ìrọ̀rí nílé wa tẹ́lẹ̀, ó tutù sí orí. Ó ti wọ́n lọ́jà báyìí, nítorí náà àjákù aṣọ ni mò ń rẹ́ wẹ́wẹ́ fún tìmùtìmù. Àpò àjákù méjì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù báyìí, ẹni tó bá fẹ́ kó wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́. Kó ṣáà mú báàgì tirẹ̀ dání, mi ò ní náílọ̀n.