Wọn Ì Bá Ti Máa Pè Mí Ní Olójú Kan: Ẹ Bá Mi Yin Olúwa

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí mo bá tún fi ojú òsì mi rí ojú okùn tí wọ́n fi rán bọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì, gbangba ni n ó ti dúpẹ́. Mo ti rí i. Mo wá san ẹ̀jẹ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Láti ilé ìwé girama ni mo ti ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń fi pákó gbá, òun ló sì gbé mi dé ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Yellow Greens. Ní 2011, mo bá wọn dé Botswana fún ìdíje ìpele keje lágbàáyé, níbi tí àwa àti Kuwait ti gòkè lọ sí ìpele kẹfà. Ẹnikẹ́ni ò lùlù pàdé wa nígbà tí a dé o. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ilé wa mọ̀. Nígbà tí orúnkún mi kò gbà mọ́, mo di akọ́nimọ̀ọ́gbá fún àwọn ọmọdé. Owó ibẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbígbá lọ.

January 2025 ni ó ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ ń jà, mo dúró lẹ́yìn àwọ̀n, mò ń wo bí ọmọkùnrin kan ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Àwọ̀n náà ti ya tipẹ́. Àwọn tó ni pápá ní àwọn á tún un ṣe, a sì ń retí. Ọmọ yìí gbá bọ́ọ̀lù kan, ojú ihò yẹn gan-an ló gbà kọjá, ojú òsì mi ló bà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé bọ́ọ̀lù tẹ́nì ni mò ń wí. Kọ́ọ̀kì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi òwú dì í pinpin, wọ́n fi awọ bò ó, ìwọ̀n rẹ̀ tó gíráàmù 156 sí 163. Orí ló kó mi yọ tí kò fọ́ eegun ojú mi.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ti ya síwájú ẹyinjú. Ó pe ìyá àwọn ọmọ mi kó wá wò ó: ẹ̀jẹ̀ náà silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ dúdú ojú mi bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú ife àgbo. Ó ní ohun tí òun ń bẹ̀rù ju ẹ̀jẹ̀ náà lọ ni pé kó má dí ọ̀nà omi inú ojú, nítorí bí omi bá há síbẹ̀, yóò máa ti iṣan ojú títí yóò fi kú, ojú á sì fọ́. N kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. N kò gbọdọ̀ lo aspirin. Pé kí n gbé orí lé ìrọ̀rí gíga sùn, kí n má sì sún mọ́ pápá.

Ìmọ̀ràn wá dé láti àdúgbò! Ẹnìkan ní kí a kán omi ọmú sí i. Òmíràn ní omi ṣúgà. Ìtọ̀ ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta mú wá, kódà ó ti gbé e sínú ìgò. Màmá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì ń dá gbogbo wọn padà. Màmá, ẹ ṣé. Ẹ̀yin lẹ gba ojú yìí là, lẹ́yìn Ọlọ́run.

Orúkọ kan ni kò kúrò lọ́kàn mi lórí ibùsùn: Mark Boucher, ọmọ South Africa, ẹni tó ń dúró lẹ́yìn wíkẹ́ẹ̀tì (àwọn igi mẹ́ta tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí) láti hán bọ́ọ̀lù, kí ẹni tó gbá a lè kúrò lórí pápá. Ní July 2012, ní Taunton nílẹ̀ England, bọ́ọ̀lù tí Imran Tahir, akẹgbẹ́ rẹ̀, jù wó wíkẹ́ẹ̀tì, igi kékeré orí rẹ̀ fò, ó bá Boucher lójú òsì. Lọ́jọ́ kejì ló kéde pé òun kò gbá fún orílẹ̀-èdè òun mọ́. Ẹni 999 ló ti lé kúrò lórí pápá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹyọ kan ló kù kó pé ẹgbẹ̀rún! Mo rò ó títí, ẹkún gbọ̀n mí. Ìyá àwọn ọmọ mi ní, “Bàbá wa, ẹ jẹ́ kí n ka ìyókù rẹ̀ fún yín.” Ó kà á: Boucher di akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ Titans ní South Africa ní 2016, ó di ti South Africa gan-an ní ìparí 2019, ó sì tún lọ kọ́ ẹgbẹ́ Mumbai Indians ní India. Mo ṣì ń bẹ Ọlọ́run fún ojú mi o, n kò fi bò. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Ní January 20, wọ́n gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí mi. Àwọn ọmọbìnrin wa tí kò tí ì pé ọdún 19 ń bá New Zealand figagbága ní Kuching, ní Malaysia, nínú ìdíje ife àgbáyé. Òjò ti dín in kù sí ófà 13 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan (bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni ófà kan). Tiwa jẹ ráànù 65, ìyẹn àmì ayò 65. Mo di ojú méjèèjì, etí ni mo fi ń wò ó. Nígbà tó ku ófà kan, ráànù 9 ni New Zealand nílò, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ Lillian Udeh, ọmọ tiwa. Wọn kò rí i gbà: 63 ni wọ́n jẹ, ráànù méjì la fi borí. Mo fẹ́ fò dìde, màmá mi tẹ̀ mí mọ́lẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ náà fà díẹ̀díẹ̀. Fèrèsé ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ọwọ́ ara mi, lẹ́yìn náà lẹ́tà ara ògiri dókítà títí dé èyí tó kéré.

Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn ti sá kúrò ní pápá. Ìyá rẹ̀ mú un wá pẹ̀lú ọsàn, kò lè gbé ojú sókè. Mo ní kó sọ bọ́ọ̀lù kan sí mi nínú yàrá, mo fi ọwọ́ kan hán an. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sẹ́nu ìdánrawò. Àwọn òbí ló dáwó ra àwọ̀n tuntun, kí Olúwa má jẹ́ kí àpò wọn gbẹ.

Dókítà ní irú ọgbẹ́ yìí lè mú kí agbára omi inú ojú tún ru sókè lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nítorí náà ọdọọdún ni n ó máa lọ wọ̀n ọ́n. Ẹ máa rántí mi nínú àdúrà tí January bá ti ń súnmọ́lé.