Orin Tí A Fi Ń Bá Ara Wa Sọ̀rọ̀ ní Alékúwodò

Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn láìnì ṣọ́ọ̀bù wa ní Alékúwodò, ní Òṣogbo, ẹ má béèrè pé ta ló wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní dá yín lóhùn. Orin lẹ máa kọ: "Ta ló wà nínú ọgbà náà?" Ẹni tó wà nínú ilé á dáhùn: "Ọmọ kékeré kan ni!" Bọ̀dá Oníbàtà ló sábà máa ń jẹ́ ọmọ kékeré náà, ọkùnrin tó ga, tó sì fẹ̀, tó jẹ́ pé tó bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò lè rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́. "Ṣé kí n wá wò ó?" "Má mà wá wò ó o!" Gbogbo láìnì á bú sẹ́rìn-ín, títí kan oníbàárà tó kàn wá gba aṣọ.

Aṣọ ni mo ń rán. Bọ̀dá Oníbàtà wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, Àǹtí Onírun wà ní ọwọ́ òsì, Bàbá Onígbàjámọ̀ tó dàgbà jù nínú wa wà ní igun, Ìyá Onírẹsì sì ń se oúnjẹ rẹ̀ lábẹ́ igi dóńgóyárò tó kọjú sí wa. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ti Enúgu wá bá wa. Ẹńjìníà là ń pè é. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nípa bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí à ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Orin eré òṣùpá ni, orin àlọ́ ni, orin tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ gbọ́ ti oúnjẹ ná. Bọ̀dá Oníbàtà máa ń jẹ abọ́ kan, á ní kí wọ́n fi kún un, á tún ní kí wọ́n fi kún un. Ìyá Onírẹsì ò ní sọ fún un pé ó ti tó, torí oníbàárà ni, ọ̀rẹ́ sì ni. Ńṣe ló máa gbé ṣíbí rẹ̀ dání, á wo ikùn rẹ̀ dáadáa, á wá gbẹ́nu lé e: "Mo bojú wo'kùn, ó rí gbẹ̀ndu." Gbogbo wa á gbè é láti ṣọ́ọ̀bù wa: "Alùgbinrin!" Bọ̀dá náà á di ikùn mú, á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò: "Babaláwo mo wá bẹ̀bẹ̀." "Alùgbinrin!"

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ rí ló mọ ibi tí orin yẹn ti wá. Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, ń wá ọmọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó ní kí Ìjàpá má fi kan ẹnu. Òórùn ọbẹ̀ náà ta sánsán lójú ọ̀nà, Ìjàpá jẹ ẹ́ tán, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ló bá sáré padà tọ babaláwo lọ pẹ̀lú irọ́ lẹ́nu: gbòǹgbò ló yọ̀ mí gẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan ọbẹ̀, mo fi kan ẹnu. Ẹ wo iye nǹkan tí Ìyá Onírẹsì fi ìlà orin kan sọ: mo rí ohun tí o jẹ, mo mọ̀ pé o máa ní àwáwí, n kò sì bínú sí ọ. Bó bá fi ọ̀rọ̀ lásán sọ ọ́, ìjà ni.

Gbòǹgbò yẹn ti di tiwa. Kò sí àwáwí ní láìnì wa tí kì í ṣe gbòǹgbò. Ọmọ iṣẹ́ tó bá pẹ́ dé, a ò ní bí i pé kí ló dé, "Gbòǹgbò ọ̀nà ibo ló yọ̀ ọ́ gẹ̀rẹ̀ lónìí?" là ń bí i. Bí ṣájà ẹnìkan bá sọnù, a kì í fura sí ẹnikẹ́ni lójú, "Kí ni n ó folè ṣe láyé tí mo wá" la máa jọ gbé sẹ́nu, ṣájà náà á sì jáde láti ibi tó wà kí orin tó dé "kàkà kí n jalè." Ọmọ tó bá fẹ́ jẹun láìfọwọ́, "Ìmọ́tótó ló lè ṣẹ́gun àrùn gbogbo" ń dúró dè é.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti alájọ. Ó máa ń wá ní ọ̀sán, pẹ̀lú báàgì rẹ̀ àti àwọn káàdì. Bí Àǹtí Onírun bá rí i ní ìkòríta, á ké: "Bojúbojú o!" A ó ní: "Oo!" "Olórò ń bọ̀!" "Oo!" "Ẹ para mọ́ o!" Alájọ ò bínú sí i rí, torí òun náà bo ojú ọmọdé rí, ó sì mọ ipa tirẹ̀ nínú eré náà. Tó bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, á gbé káàdì ẹni náà sókè, á ní: "Ṣé kí n ṣí i?" Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ á dáhùn pé: "Ṣí i, ṣí i, ṣí i!" Ẹni tí ọjà ò tà fún lọ́jọ́ náà á dákẹ́, ọkùnrin náà á sì kọjá sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn. Kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀bẹ̀, ojú ò sì ní ti ẹnikẹ́ni. Mo ti rí àwọn alájọ míì tó máa ń dúró lé èèyàn lórí títí oníbàárà á fi máa wò ó. Orin yẹn ló ń bo àṣírí wa.

Nígbà míì, a kì í tilẹ̀ pe ọ̀rọ̀ orin náà jáde. Bí ohùn bá ṣe ń lọ sókè sódò nínú ọ̀rọ̀ wa náà ni orin àtijọ́ wa ṣe ń lọ. Ìdí nìyẹn tí onídùndún fi lè kì èèyàn títí dé orí baba ńlá rẹ̀ láìlanu. Ẹni tó bá mọ orin, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fi imú hùn ún tàbí tó fi súfèé fọn ọ́n, ó ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Èyí wúlò gan-an nígbà tí àlejò bá wà níjòókòó.

Àwọn ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi tàwọn ti agbádá. Wọ́n fẹ́ ṣe ayẹyẹ, wọ́n sì fẹ́ kí n jẹ́ Ìyá Ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní gbogbo Òṣogbo ló mọ̀ mí, wọ́n ní aṣọ tí mo rán ni àwọn ìyàwó ọlọ́lá ń wọ̀ láti Òkèfìà dé Ògo-Olúwa, wọ́n ní àga mi á wà láàárín gbùngbùn. Wọn ò tíì dárúkọ iye owó. Níbi tí wọ́n ti ń sọ èyí, mo gbọ́ tí òòlù Bọ̀dá Oníbàtà yí padà lórí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó ń kàn, tí òun fúnra rẹ̀ sì ń fi imú hùn orin kan wẹ́rẹ́. "A ó mérin jọba" ni. Láti abẹ́ igi, Ìyá Onírẹsì gbè é pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé ìrẹsì ló ń kọrin fún: "Ẹ̀wẹ̀kú ẹ̀wẹ̀lẹ̀."

Ìjàpá ló kọ orin yẹn fún Erin. Ó fi àkàrà olóyin tàn án nínú igbó, ó ní kó wá jọba láàárín ìlú, ìlú sì ti gbẹ́ kòtò, wọ́n tẹ́ ẹní lé e, wọ́n gbé àga sórí ẹní. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ fún mi yé mi kíákíá. Ó yé àgbà inú àwọn àlejò náà pẹ̀lú, torí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ ò dáa o!" Ó gbé àkàrà olóyin sílẹ̀, ó sọ iye tí wọ́n ń wá gan-an. Mo fún wọn ní ohun tí agbára mi ká, láìjẹ oyè kankan, a sì pínyà tayọ̀tayọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kìlọ̀ fún mi lójú àwọn àlejò, àlejò gbọ́ ọ, kò sì sí ẹni tó lè ní wọ́n bú òun. Orin ni wọ́n kọ.

Nínú agbo ilé àtijọ́, ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn orogún fi ń jà. Ìyá ìyá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun sọ fún wa bí obìnrin ṣe máa ń gbé orin òwe sẹ́nu níbi tó ti ń lọ ata, tí kò ní dárúkọ ẹnìkan, tí ẹni tó ń bá wí á sì máa gbọ́ ọ láti yàrá kejì, tí oúnjẹ ò ní lè kọjá lọ́fun rẹ̀. Irin iṣẹ́ tó mú ni. Inú mi dùn pé ní láìnì tiwa, ọ̀rẹ́ la fi ń ṣe.

Ìlú wa náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òṣogbo ni Dúró Ládípọ̀ ti dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962, ibẹ̀ ló ti gbé eré Ọba Kò So jáde ní 1963, eré tí wọ́n gbé dé Berlin ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Bàbá Onígbàjámọ̀ ló kọ́ wa pé kí a máa fi kí iná. Ṣàngó ló ni mànàmáná, nítorí náà bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, Bàbá á ní, "Ọba so!" Bó bá dé padà, gbogbo láìnì ló ń ké e pọ̀: "Ọba kò so!" Ẹni tó bá ń kọjá lọ ní títì á dáhùn: "Kábíyèsí!" Bàbá yìí kan náà kì í jẹ́ kí a gbàgbé pé oríkì ìlú wa wà lára orúkọ àwo Àpàlà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá ṣe ní 1971, Oroki Social Club, tó fi yin ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ Òṣogbo. Bàbá mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tó bá fi Àpàlà dá èèyàn lóhùn, a kì í fi ẹ̀rín pàdé e lójú ẹsẹ̀. A máa ń dákẹ́ ná, kí òwe inú rẹ̀ tó wọlé.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ní orin tiwọn, ti orí fóònù. Wọ́n máa ń fi ìlà kan ṣeré títí, tó bá di oṣù tó ń bọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ nù, wọ́n ti gba òmíràn. Kò burú. Àmọ́ tí mo bá gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ké "Alùgbinrin!" láìjẹ́ pé àgbà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ, inú mi máa ń dùn ju bó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ kékeré múnú àgbàlagbà dùn lọ.

Orin ìjọsìn ni a kì í fi ṣeré. Kìrìsìtẹ́nì wà nínú wa, Mùsùlùmí wà, kò sì sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. A kàn mọ̀ ọ́n ni. Òmíràn tún wà tí a ti fi sílẹ̀: "Ìyá ni wúrà iyebíye." Tẹ́lẹ̀, Bọ̀dá Oníbàtà ló máa ń fi yin Ìyá Onírẹsì tó bá fẹ́ kó fi ẹran kún un. Láti ìgbà tí ìyá Àǹtí Onírun ti kú, orin náà kúrò lẹ́nu rẹ̀, kúrò lẹ́nu gbogbo wa. Kò sẹ́ni tó pè wá jọ láti sọ pé ká má kọ ọ́ mọ́.

Ẹńjìníà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìtàn rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, ó gbọ́ Yorùbá tó lè fi tajà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wa ni ẹ̀rín tirẹ̀ máa ń jáde, torí ó ń wo ojú wa kó tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti pani lẹ́rìn-ín. Ìyá Onírẹsì ni kò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán tí oúnjẹ bá ti tà tán, á pè é sábẹ́ igi, á pa àlọ́ fún un látòkèdélẹ̀, Yánníbo, Erin, gbogbo ẹ̀, á sì ní kó máa gbe orin. Ó gbè é títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ ìmọ́tótó àyíká tí a jọ ń ro koríko ẹ̀bá gọ́tà, ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí Onírun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì gbé ọkọ́, ó sì ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá ilẹ̀. A ń wò ó, a ò tíì mọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ẹńjìníà na ẹ̀yìn rẹ̀ ró, ó gbé ohùn sókè: "Ìwé kíkọ́, láìsí ọkọ́ àti àdá!" Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Kò ì pé o, kò ì pé o!" Bàbá Onígbàjámọ̀ ju àdá rẹ̀ sílẹ̀, ó fọwọ́ lé ejìká ọmọkùnrin náà, ó ń jó. Ọmọ yunifásítì náà rẹ́rìn-ín títí, ó wá gba ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú. Láti ọjọ́ yẹn, Ẹńjìníà ti ń bẹ̀rẹ̀ orin fún wa.

Ìjà kan ló kù tí a ò tíì parí. Àǹtí Onírun, ọmọ Ìkìrun ni, bó sì ṣe ń parí Bojúbojú yàtọ̀ sí tiwa. Àwa ń sọ pé, "Ẹni tólórò bá mú, á pa á jẹ." Ó ní wọn ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò àwọn rí. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìkìrun, ní Ìlobùú, ní Ẹdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi bí ẹ ṣe ń parí rẹ̀. Mo máa kà á sókè fún gbogbo láìnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àǹtí ti sọ pé òun ò ní gbà.