Veracruz: mo rí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tiwa létí odò Papaloapan

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti dé láti Mẹ́síkò, ìbéèrè tí gbogbo àdúgbò ń bi mí ò ju "etíkun wọn ńkọ́?" Ẹ jẹ́ n sòótọ́, tó bá jẹ́ yanrìn funfun báláú lẹ ń wá, ẹ má lọ Veracruz, yanrìn tiwọn dúdú díẹ̀, mo wẹ̀ ní etíkun Mocambo lẹ́ẹ̀kan péré ó tó mi. Àwọn ìlú wọn ló gbà mí lọ́kàn.

Láàárọ̀, ẹ jókòó nílé kọfí ní Veracruz, ẹ ní kí wọ́n gbé lechero wá. Wọ́n á bu kọfí tó le dáadáa sísàlẹ̀ ife, wọ́n á bá tiwọn lọ. Ẹ fi ṣíbí lu ife yẹn, ẹlòmíì á gbé kẹ́tù wàrà gbígbóná dé, á gbé e sókè réré, á máa dà á bọ̀, á máa hó títí ife á fi kún.

Ọjọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì lọ Tlacotalpan létí odò Papaloapan, UNESCO ti kọ ìlú náà mọ́ ogún gbogbo ayé láti 1998. Há! Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ ni mo dúró. Òpó níwájú ilé, fèrèsé gígùn, ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláró, ọ̀kan bí ìbẹ́pẹ pípọ́n, àfi bí ilé àwọn Àgùdà tiwa, àwọn tó ti Brazil padà dé, ní Àjàṣẹ́ nítòsí Mọ́ṣáláṣí Ńlá tó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Àmọ́ tiwọn, wọ́n ń kùn ún lọ́dà, àwọn àgbà ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà gba atẹ́gùn, tiwa ń wó lójú wa, igi ti ń hù lára ògiri, ilé bàbá ìyá mi wà níbẹ̀, ó ń dùn mí gan-an. Mo ya fòtò ilẹ̀kùn kan ránṣẹ́ sí ìyá mi, wọ́n ní ṣé mo ti padà dé ni.

Lọ́nà Córdoba, mo yà ní Yanga. Ọmọ Áfíríkà tó sá kúrò lóko ẹrú ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ gun òkè lọ, àwọn Sípéènì gbógun tì wọ́n ní 1609, apá ò ká wọn, nígbà tó yá wọ́n gbà kí wọ́n ní ìlú tiwọn. 1932 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìlú náà. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ère rẹ̀. Ọmọdé kan bi mí pé níbo ni mo ti wá, mo ní orílẹ̀-èdè Benin, kò mọ̀ ọ́n, mo wá ṣí máàpù lórí fóònù, mo fi ìka tọ omi láti Veracruz títí dé ọ̀dọ̀ wa.