Ẹmu Bàbá Mi Ló La Respiration Yé Mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ báyọ́lọ́jì, nínú ìdánwò àkọ́kọ́ tí mo ṣe, mo kọ ọ́ pé respiration ni ká mí sínú, ká mí síta. Òdo ni mo gbà níbẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ìkẹ̀rẹ́-Èkìtì, bàbá mi gbé ẹmu dé láti oko. Mo fẹ́ dé kẹ́ẹ̀gì náà pa, wọ́n ní kí n má dé e pa, yóò bẹ́. Mo bá tẹjú mọ́ ọn. Ẹmu ń hó, kò sí iná lábẹ́ ẹ̀. Ẹmu ò ní imú, kò ní ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ìwúkàrà wà nínú ẹ̀ tó ń sọ ṣúgà di ọtí àti carbon dioxide, láìlo ọ́síjìn. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, adùn ti lọ, ó ti ń ta lẹ́nu.

Inú sẹ́ẹ̀lì ni respiration wà: sẹ́ẹ̀lì ń fọ́ oúnjẹ kó lè rí agbára. Mímí kàn ń gbé ọ́síjìn wọlé, ó sì ń kó carbon dioxide jáde ni.

Bí ọ́síjìn bá wà, gúlúkóòsì (irú ṣúgà kan) ẹyọ kan lè mú ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì ń fi gbé agbára, bí 30 sí 32 wá, inú mitochondria, àwọn ẹ̀yà kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì, sì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Bí kò bá sí, 2 péré ni. (Àwọn ìwé àtijọ́ kọ 38, ẹ wo èyí tí ìwé yín ń lò.) Ẹ má kàn há a sórí. Níbo ni agbára yòókù wà? Inú ọtí ló kù sí. Ẹ wo ògógóró tí wọ́n ń sè láti inú ẹmu, bó ṣe ń gbiná.

Tiwa yàtọ̀. Bí a bá sáré gun òkè Olósùnta, tí ọ́síjìn ò tó iṣan ẹsẹ̀ mọ́, lactic acid ni iṣan ń ṣe, kì í ṣe ọtí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn tí a ti dúró. Ṣùgbọ́n ìrora ọjọ́ kejì kì í ṣe tirẹ̀ o. Iṣan tó fara pa díẹ̀díẹ̀ ló fà á. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í kọ.

Ẹ fi bàlúùnù dé ẹnu ìgò ẹmu tuntun, kí ẹ jókòó tì í. Nígbà tí mo ṣe é, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí bàlúùnù fi nàró.