Rímù 19 ni mo fẹ́, 18 ni mo padà sí

Ẹ jẹ́ n yáa kọ́kọ́ jẹ́wọ́, ojú ló kó mi síṣẹ́. Kò sóhun tó ṣe mọ́tò mi tẹ́lẹ̀. Golf GTI ni, rímù 17 ló bá a wá, táyà ẹ̀ 225/45R17, ó ń sáré, ó ń yí kọ́nà bí ẹni pé wọ́n fi okùn so ó mọ́ títì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí mo bá ti páàkì ẹ̀ tí mò ń lọ, mo máa ń bojú wẹ̀yìn wò ó (ẹni tó bá fẹ́ràn mọ́tò mọ ohun tí mò ń sọ, a kì í lè rìn lọ láìwẹ̀yìn), àlàfo tó wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà yẹn ni ojú mi sì máa ń bá. Ó ń ṣe mí bí àgbàlagbà tó wọ bàtà ọmọdé. Mo bá ní kò burú, 19 lèmi ń lọ, mi ò tiẹ̀ dúró ní 18.

Ohun tí ǹ bá ti kọ́kọ́ ṣe ni kí n jókòó ka nọ́ńbà tó wà lára táyà, torí gbogbo ẹjọ́ ọ̀hún ibẹ̀ ló wà. 225 yẹn ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó, mìlímítà ni. 45 kì í ṣe mìlímítà o, ó ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ rọ́bà náà ga tó ìdá 45 nínú 100 fífẹ̀ ẹ̀. 17 ni rímù, ínṣì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣe ìṣirò ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rọ́bà mi jẹ́ mìlímítà 101, gbogbo ẹsẹ̀ náà látòkè délẹ̀ wá jẹ́ bíi 634. Tẹ́ ẹ bá wá gbé 225/35R19 síbẹ̀, látòkè délẹ̀ á di 640, ìyẹn ò kàn yàtọ̀ jù, mítà tó ń ka ìsáré ò ní parọ́ fún yín. Ẹ̀gbẹ́ rọ́bà ló ti di 79. Ínṣì méjì tí rímù fi tóbi sí i, ara rọ́bà ni wọ́n ti gé e.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Àlàfo fẹ́ńdà tí mo tìtorí ẹ̀ náwó yẹn, 640 yọ 634, ẹ pín in sí méjì torí òkè ẹsẹ̀ nìkan ló kan fẹ́ńdà: mìlímítà mẹ́ta! Mẹ́ta péré ni àlàfo fi dín. Sípíríǹgì kúkúrú ló ń mú mọ́tò wálẹ̀, rímù ńlá ò ṣe é, èmi ò sì mọ̀ àfìgbà tí mo gbé tuntun wọ̀ tán tí mo tún bojú wẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Rímù kún ojú, birèkì hàn láàárín àwọn ọ̀pá ẹ̀, sítíárìn sì mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bó o bá ṣe fọwọ́ kàn án báyìí ni imú mọ́tò ti ń yí, torí ẹ̀gbẹ́ rọ́bà tó kúrú kì í fi bẹ́ẹ̀ lọ́ kó tó dáhùn. Ohun tí 19 ń tà fún wa nìyẹn, ojúlówó ọjà sì ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ìdí mi bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó ohun tójú mi rà. Rọ́bà yẹn kì í ṣe ohun tó kàn di afẹ́fẹ́ mú, òun ló kọ́kọ́ ń gba ìjà títì kó tó kan sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì. Tẹ́ ẹ bá ti gé e kù díẹ̀, gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ lẹ máa mọ̀ lórúkọ. Táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ báyẹn tún máa ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kó tó lè gbé ẹrù tí èyí àtijọ́ ń gbé, (ẹ wo nọ́ńbà ẹrù lára ẹ̀, 91 túmọ̀ sí kílò 615 fún táyà kan, 88 jẹ́ 560, ẹ má lọ gbé èyí tó rẹlẹ̀ ju ohun tí mọ́tò yín béèrè), afẹ́fẹ́ tá a sì fi kún un yẹn ló tún mú kó le sí i.

Mo tún wọ̀n wọ́n. Mo gbé ẹsẹ̀ àtijọ́ sórí òṣùwọ̀n tòun táyà ẹ̀, kílò 20. Mo gbé tuntun, 24. Ẹ̀yin á ní kí ni kílò mẹ́rin, èèyàn kan tó jókòó sẹ́yìn ju gbogbo ẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèyàn tó jókòó sẹ́yìn, sípíríǹgì ló gbé e, àmọ́ kò sí sípíríǹgì kankan tó gbé ẹsẹ̀ mọ́tò, òun fúnra ẹ̀ ló ń fò sókè sódò lórí títì, tó bá sì ti wúwo, kì í tètè padà sílẹ̀. Yíyí ló tún ń yí. Ẹ di hámà mú níbi irin orí ẹ̀ kẹ́ ẹ fì í, ẹ wá di ìdí igi ẹ̀ mú kẹ́ ẹ tún fì í, hámà kan náà ni àmọ́ ọwọ́ yín á mọ̀ pé wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Rímù ńlá ń gbé irin lọ sí etí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì á máa fì í, birèkì á máa dá a dúró. Mọ́tò mi ò sáré tó tẹ́lẹ̀, èmi tí mo fẹ́ kó rí bíi ti ìje.

Ẹni tó bá rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí, kó wo Honda. Civic Type R tí wọ́n ń pè ní FK8, rímù 20 ló ń lò, táyà 245/30R20. Nígbà tí FL5 tó rọ́pò ẹ̀ jáde ní 2022, wọ́n sọ ọ́ di 19, táyà ẹ̀ 265/30R19. Wọ́n mú rọ́bà fẹ̀ sí i, wọ́n dín rímù kù! Mọ́tò Formula 1 gan-an, 13 ni wọ́n ń lò títí 2021 kí wọ́n tó bọ́ sí 18, ta ló fẹ́ sọ pé èyí oní 13 yẹn ò sáré?

Fífẹ̀ rímù àti ET (iye mìlímítà tí ojú ibi tí rímù ti lẹ̀ mọ́ mọ́tò fi kúrò ní àárín fífẹ̀ ẹ̀) tún wà ńbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kó sí yọ́yọ́. Ká ní rímù àtijọ́ jẹ́ 7.5J ET50 (nọ́ńbà tó ṣáájú J ni fífẹ̀, ínṣì nìyẹn), ẹ wá gbé 8.5J ET45 wọ̀ ọ́. Ínṣì kan tó fi fẹ̀ yẹn á pín sọ́tùn-ún sósì, mìlímítà 12.7 síta, 12.7 sínú, ET tó sì fi márùn-ún dín tún ti gbogbo ẹ̀ síta. Etí ẹ̀ á jáde ní bíi 18, inú á sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì ní bíi 8. Mo gbé èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn lọ́jọ́ kan, a wọ ibi tí títì ti rì díẹ̀, mo gbọ́ gbrrr, òórùn rọ́bà gba inú mọ́tò. Inú fẹ́ńdà ni táyà ń gbo. Ihò àárín rímù ńkọ́? Ti Golf jẹ́ mìlímítà 57.1, ti rímù tí wọ́n ń tà níta máa ń tóbi jù ú lọ, òrùka ni wọ́n fi ń dí àlàfo yẹn, bí ò bá sí níbẹ̀ sítíárìn á máa gbọ̀n tẹ́ ẹ bá sáré. Bọ́òtù náà, orí ti ilé iṣẹ́ Volkswagen rí roboto, rímù ọjà sábà máa ń fẹ́ èyí tó ṣe ṣóńṣó. Ẹ má fi ọ̀kan ṣe ìkejì, kí ẹsẹ̀ yín má lọ yà yín sílẹ̀ lójú títì.

Òjò alẹ́ ọjọ́ kan ló parí gbogbo ẹ̀. Omi ti kún kòtò, mo rò pé àbàtà lásán ni, mo gbọ́ gbàà! Mo dúró, mo tan iná fóònù sí i, ẹ̀gbẹ́ táyà ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Fọ́kánáísà fi ìka tẹ ibi tó wú, ó ní okùn inú rọ́bà ló ti já, kò sí lílẹ̀ fún un, kí n jù ú nù. Ó wá yí rímù náà, ó ní kí n wo etí inú ẹ̀: ó ti sán. Rímù tí wọ́n yọ́ irin dà ṣe ni, irú wọn máa ń sán, èyí tí wọ́n bá rọ bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń rọ irin ló sábà máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́, ó sì máa ń fúyẹ́, owó ẹ̀ nìkan ni kì í fúyẹ́.

225/40R18 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ báyìí. Ẹ̀gbẹ́ rọ́bà ti padà sí 90, mo sì fara balẹ̀ wá rímù tó fúyẹ́, tòun táyà ò ju kílò 20 lọ. Tẹ́ ẹ bá bi mí, ínṣì kan lórí èyí tó bá mọ́tò wá ti tó, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń kọ́lé sínú gbọ̀ngàn àfihàn mọ́tò.

Rímù 19 mẹ́ta tó kù yẹn ṣì fara ti ògiri. Ẹnì kan pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ rà wọ́n, mo ro ìtàn ẹ̀kẹrin fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó dákẹ́, ó wá ní ṣé mo ṣì ní òrùka àárín wọn.